Ilé Ẹjọ́ Tí A Fi Ẹfun Kọ́

Ohun àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá Àjàyí ní kí n ṣe lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ni pé kí n dijú. Kò béèrè ìwé ẹ̀rí mi, bẹ́ẹ̀ ni kò wo àwọn àwòrán tí mo ká mọ́ abíyá bí ẹní. Ó tẹ́ àwòrán ilé kan síwájú mi, ó jẹ́ kí n wò ó dáadáa, ó wá ní, "Ó tó. Dijú. Wọlé."

Mo dijú. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní etí Airport Road ni ọ́fíìsì náà wà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ọkọ̀ wíwà padà láti apá òsì títì sí apá ọ̀tún nígbà náà ni, àwọn awakọ̀ kò sì tíì gbà pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí títí láé, nítorí náà ariwo fèrè ọkọ̀ àti èébú ló gba gbogbo ìsàlẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dijú, ariwo náà rọra jìnnà sí mi. Mo rí ilẹ̀kùn ilé náà, mo ṣí i. Mo rí pálọ̀, mo rí bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ṣe wọ ibẹ̀ láti apá òsì mi. Mo rìn dé ẹnu ilé ìdáná, mo dúró.

"Kí ló dá ọ dúró?" ni ọ̀gá bi mí.

"Ẹnu ọ̀nà yìí ti há jù, sà. Mo gbé ìkòkò dání."

Ó fa pẹ́ńsùlù yọ, ó sàmì sí ẹnu ọ̀nà náà. Lẹ́yìn náà ló ní kí n wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe nà mí tó ní ilé ìwé nítorí àlá ojú ìmọ́lẹ̀ ló lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó lọ́jọ́ yẹn. Tíṣà a máa kọ ìṣirò sójú pátákó, èmi a máa wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba ojú fèrèsé wọlé tó ń sún mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì díẹ̀díẹ̀, pàṣán ni yóò wá jí mi. Ìyá mi sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ òun Bísí máa ń sùn lójú ṣíṣí. Bàbá mi àgbà ló bá iṣẹ́ rélùwéè dé Kano. Sabon Gari ni wọ́n bí bàbá mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí mi sí. Ilé wa kún fún ènìyàn débi pé kò sí igun kan tí ọmọ lè fara pamọ́ sí kó máa ronú. Orí ìwé ni mo ti ń kọ́ ilé tèmi, mo sì ń gbé inú wọn. Ọ̀gá Àjàyí ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ fún mi pé ohun tí wọ́n ń nà mí sí yẹn, iṣẹ́ ni.

"Rírìn" ló máa ń pè é. Pílánù ni àwòrán tó ń fi ilé hàn láti òkè, bí ẹni pé a ṣí òrùlé rẹ̀ kúrò. Sẹ́kíṣàn ni ilé kan náà tí a gé láàárín bí búrẹ́dì, kí a lè rí inú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ló mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ní ẹyẹ kọ́ ló máa gbé inú ilé, ènìyàn ni. Kí a tó fọwọ́ sí àwòrán kankan, dandan ni kí a dijú ká rìn nínú rẹ̀, ká sì di oríṣiríṣi ènìyàn bí a ṣe ń rìn: ìyá arúgbó tí orúnkún ń dùn, ọmọ tí ìtọ̀ ń gbọ̀n, àlejò tí kò mọ ilé. Bí a bá ti dúró níbì kan láìmọ ìdí rẹ̀, ká lajú, ká wo ibẹ̀ dáadáa.

Ọmọ akọ̀wé rélùwéè ni òun náà. Iṣẹ́ kí ó máa da àwòrán àwọn òyìnbó kọ ló fi bẹ̀rẹ̀, kó tó lọ kàwé lókè òkun, tó sì padà wá sí Kano. Ó ga, ó tín-ín-rín, obì gooro kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, kò sì ní sùúrù fún ẹni tí ìlà rẹ̀ bá wọ́. Mo ti rí i tó ya iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan dànù nítorí ìlà kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé tó ti yà, orúkọ ẹlòmíràn ló wà lára wọn, ti òyìnbó tó ni kọ́ńpìnnì tàbí ti ìjọba. Ó ń dùn ún. Bí a bá jọ wà nínú mọ́tò, òun a máa fi ọwọ́ tọ́ka sí ilé kan pé, "Wo èyí, èmi ni."

Ilé àkọ́kọ́ tí mo dá yà lábẹ́ rẹ̀, ti Alhaji kan tó ń ta ọkà ní Hotoro ni. Mo fi fèrèsé gíláàsì ńlá síwájú ilé kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé dáadáa. Alhaji wò ó títí, ó wá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bi mí ní Hausa pé ṣé sinimá ni mo fẹ́ fi ilé òun ṣe, tí àwọn èrò ojú títì ó máa wo àwọn ìyàwó òun lọ́fẹ̀ẹ́. Mo sá padà sí ọ́fíìsì pẹ̀lú ìtìjú. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí gooro fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "O rìn ín bí Bísí. Padà lọ rìn ín bí ìyàwó Alhaji." Mo dijú, mo jókòó nínú ilé náà láàárín àwọn ìyàwó náà, mo sì rí i pé láti inú ni ìmọ́lẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ ti máa wá. Mo ya àgbàlá sáàárín ilé, gbogbo fèrèsé kọjú sí i. Nígbà tí wọ́n kó wọlé, àwọn ìyàwó Alhaji fi ẹran kilishi ránṣẹ́ sí mi.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá, mo bọ́ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń mójú tó ilé kíkọ́. Iṣẹ́ mi níbẹ̀ ni kí n máa yẹ àwòrán ẹlòmíràn wò, kí n sọ èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Ọ̀gá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ti di ìyá ọkọ, pé mi ò ní í se ọbẹ̀ mọ́, iyọ̀ ọbẹ̀ ìyàwó ni n ó máa tọ́ wò. Mo gbà pé òótọ́ ni. Iṣẹ́ náà sì bá mi lára mu, nítorí owó oṣù ni wọ́n ń fún mi kí n lè máa dijú lọ́sàn-án gangan.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ tuntun dé. Ti àtijọ́ tó wà nítòsí Sabon Gari ti kéré jù, yàrá kótópó àti fàràńdà tóóró kan ni. Ìjọba rí ilẹ̀ kan tí igi dóńgóyárò pọ̀ sí, wọ́n ní kí àwọn ayàwòrán ilé mú èrò wọn wá. Nígbà tí kọmití wa ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò, méjì ló kù lórí tábìlì. Ọ̀kan wá láti ọwọ́ kọ́ńpìnnì òkè òkun kan. Gíláàsì ni látòkè délẹ̀, bí ẹni pé wọn kò gbúròó oòrùn Kano rí. Èkejì jẹ́ ti Ọ̀gá Àjàyí. Orúkọ rẹ̀ wà ní igun ìsàlẹ̀ ìwé náà, òun nìkan, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Mo tẹjú mọ́ orúkọ náà pẹ́.

Ẹnjiníà Bello ni alága wa, ọmọ Kano láti inú ìlú àtijọ́, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè. Mo sọ fún un pé ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló ya èyí, pé kí wọ́n fún ẹlòmíràn yẹ̀ wò. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí a bá ní kí gbogbo ẹni tó ti gba ọwọ́ bàbá yẹn kọjá jáde nínú yàrá yìí, àga nìkan ló máa kù. Ó ní èmi ni mo mọ bó ṣe ń ronú, èmi ni kí n yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí mo bá kọ ni wọn yóò tẹ̀ lé.

Mo gbé àwòrán náà lọ sílé pẹ̀lú ọkàn tó wúwo, nítorí mo mọ ohun tó wà ńbẹ̀ fún un. Nígbà tí mo lọ kí i ní Kérésì, ó ti sọ fún mi pé lẹ́yìn èyí òun ó ti ọ́fíìsì, òun ó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí òun kò gbé rí ju ìgbà ìsinmi lọ. Ó ní, "Kí n kàn fi ọ̀kan sílẹ̀ tó máa jẹ́ tèmi, Bísí. Ọ̀kan péré." Bí mo bá kọ ọ́ pé kò dára, ti onígíláàsì ni wọn yóò mú, ọ̀gá mi yóò sì fi Kano sílẹ̀ láìsí ilé kankan tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá mi, mo ti fèrèsé nítorí eruku ọyẹ́, mo dijú, mo wọlé. Mo kọ́kọ́ wọlé bí adájọ́. Ọ̀nà tèmi wà lẹ́yìn, ibòji ni láti ibi mọ́tò títí dé yàrá, kò sí ẹni tó lè fa aṣọ mi lójú ọ̀nà. Mo wọlé bí akọ̀wé kóòtù, mo rí i pé n kò ní láti nawọ́ sẹ́yìn púpọ̀ kí n tó mú fáìlì. Mo wá wọlé bí ọkùnrin kan láti Yankaba tó ń bá aládùúgbò rẹ̀ du ilẹ̀. Mo gba géètì kọjá, mo bọ́ sí àgbàlá.

Bí mo bá fẹ́ sọ bí àgbàlá yẹn ṣe rí, ẹnu mi kò lè ròyìn rẹ̀ tán. Ọ̀gá kò gé igi kan ṣoṣo. Ó ya gbogbo ilé náà yí àwọn dóńgóyárò ká, ó fi bẹ́ńṣì bíríkì kúkúrú sábẹ́ wọn ní méjìméjì, wọ́n kọjú síra wọn. Gbogbo ilẹ̀kùn kóòtù ṣí síbẹ̀. Mo jókòó sórí ọ̀kan nínú wọn lójú àlá mi. Afẹ́fẹ́ gba abẹ́ òrùlé wọlé, ewé wẹ́wẹ́ ń já bọ́ sí mi lórí, ibòji igi náà ń sún lórí ẹsẹ̀ mi díẹ̀díẹ̀. Ara tù mí débi pé mo gbàgbé ẹni tí mo ń bá ṣẹjọ́. Mo fẹ́ sunkún nítorí bí orí mi ṣe wú. N kò rí ilé tó dára tó bẹ́ẹ̀ lórí ìwé rí.

Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi di Àǹtí Ṣadé. N kò pinnu rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó kàn dé bẹ́ẹ̀ ni. Mo gba géètì wọlé bíi tirẹ̀, mo rìn dé ẹnu àgbàlá, ẹsẹ̀ mi kò sì lọ mọ́.

Àbúrò ìyá mi ni Àǹtí Ṣadé, aṣọ ló ń tà ní ọjà Sabon Gari. Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ìlà ọjà wọn tó fi igi lu Màlámù Sule, maigadi tó ń ṣọ́ àwọn ṣọ́ọ̀bù náà, títí apá bàbá náà fi dá. Òun nìkan ló rí i, òun nìkan sì ni wọ́n pè ní ẹlẹ́rìí. Lọ́jọ́ ẹjọ́, ó bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà lórí fàràńdà tóóró kóòtù àtijọ́, wọ́n ti gba béèlì rẹ̀. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni. Kò halẹ̀, kò bú u. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un lójú gbogbo èrò, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Táyé ńkọ́? Kẹ́hìndé ńkọ́? Ṣé ilé ìwé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn náà ni wọ́n ṣì ń lọ?"

Àǹtí dáhùn pé a dúpẹ́. Kí ni yóò tún sọ? Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kí ènìyàn, dandan ni ká dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé iwájú adájọ́, ó ní òun kò rí nǹkan kan. Wọ́n tú ọmọkùnrin náà sílẹ̀. Màlámù Sule di ẹrù rẹ̀ padà sí abúlé pẹ̀lú apá tí kò nà mọ́, kó tó lọ ó sì yà lọ́dọ̀ Àǹtí láti dágbére, ó gbàdúrà fún àwọn ìbejì rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Àǹtí kì í gba iwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù yẹn mọ́.

Mo lajú, mo tún wo pílánù náà. Gbogbo ọ̀nà tí ẹlẹ́rìí lè gbà dé inú kóòtù, inú àgbàlá náà ló gbà kọjá, níwájú àwọn bẹ́ńṣì náà. Kò sí òmíràn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì mo lọ sílé ọ̀gá. Ó wà lórí fàràńdà rẹ̀ ní Sabon Gari, ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí, ó ń wo àwọn ọmọ àdúgbò tí wọ́n ń fi Hausa bú ara wọn lórí bọ́ọ̀lù. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní kí n jókòó, kí n sọ ọ́.

"Ṣé o ti rìn ín?"

"Mo ti rìn ín, sà. Ilé tó dára jù tẹ́ ẹ ti yà nìyí. Ṣùgbọ́n mo rìn ín bí àǹtí mi, mi ò sì lè dé inú kóòtù."

Mo sọ ìtàn náà fún un. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, ó wá sọ tirẹ̀ fún mi. Ó ní bàbá òun àti ọkùnrin rélùwéè kan jà lórí ògiri tó wà láàárín ilé wọn, wọn kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún pípẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ kóòtù, alkali tó fẹ́ dá ẹjọ́ wọn pẹ́ kó tó dé, oòrùn sì mú, igi kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó sábẹ́ rẹ̀, wọ́n kẹ̀yìn síra wọn. Ará Hausa kan ń kọjá lọ, kò mọ̀ wọ́n rí, ó kí wọn papọ̀ pé, "Sannunku." Wọ́n dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó béèrè ilé, ó béèrè iṣẹ́, ó béèrè àárẹ̀ bí àwọn Hausa ṣe máa ń ṣe, wọ́n sì jọ ń dáhùn. Nígbà tí onítọ̀hún fi lọ, ẹ̀rín ti ń pa wọ́n. Wọ́n ti lọ sílé kí alkali tó dé.

"Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́," ni ọ̀gá wí. "Mo fẹ́ kọ́ kóòtù kan tí a lè ti ibẹ̀ bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ohun tí mo ti ń rò láti kékeré nìyẹn, Bísí. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí wọ́n bá ti jókòó síbòji kan náà, wọ́n á kí ara wọn, ẹ̀rù á sì tán."

"Ìkíni yẹn gan-an ni wọ́n fi dẹ́rù bà á, sà."

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó bi mí ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́. Mo ní òun ni. Ó ní ó dára, kí n lọ kọ ohun tó bá wù mí. Ó dìde, ó wọlé, kò sì dágbére fún mi. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà, omi sì ń dà lójú mi láàárín ọjà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bí mo ṣe fẹ́ràn bàbá tó bí mi, mo sì ń fi ọwọ́ ara mi gba nǹkan kan ṣoṣo tó kù tó ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

N kò tíì kọ nǹkan kan nígbà tó yọ sí ọ́fíìsì mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fìlà lórí. Ó ní lọ́tẹ̀ yìí, òun kò gba rírìn tí ẹnì kan bá ẹlòmíràn rìn. Bí mo bá ní àǹtí mi kò lè dé inú kóòtù, kí àǹtí mi fúnra rẹ̀ wá rìn ín kí òun fojú rí i. Ó ti lọ bá Ẹnjiníà Bello, Bello sì ti gbà pé kí wọ́n fi ẹfun ya gbogbo ilé náà sórí ilẹ̀, ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an.

Àǹtí kọ́kọ́ yarí. Ó ní ṣé mo tún fẹ́ gbé òun lọ sí kóòtù ni. Mo ní kóòtù náà kò tíì sí níbẹ̀, ẹfun lásán ni, ọ̀gá mi kàn fẹ́ mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ gbà ni. Ó ní òun ò lọ. Àwọn ìbejì, tí wọ́n ti tóbi ju ìyá wọn lọ, tí wọn kì í fi Yorùbá dá a lóhùn àyàfi bí wọ́n bá fẹ́ jẹun, ló sọ fún un láti orí ibùsùn wọn pé, "Mama, ki je mana," pé kó ṣáà máa lọ. Bó ṣe di pé ó wọ bàtà rẹ̀ nìyẹn.

Àárọ̀ ọyẹ́ ni. Eruku funfun bo gbogbo nǹkan débi pé oòrùn kò ju àwo kékeré kan lọ lójú ọ̀run. Àwọn lébìrà Bello ti kan èèkàn, wọ́n ti na okùn, wọ́n sì ti da ẹfun tí àwọn Hausa ń pè ní farar ƙasa tẹ̀ lé okùn náà. Ilé ọ̀gá mi sùn sórí ilẹ̀ náà láàárín àwọn igi, ó tóbi, ó funfun, kò sì ní ògiri. Nǹkan tó yà mí lẹ́nu ni pé kò sí ẹni tó ń tẹ ìlà náà mọ́lẹ̀. Bello, ẹnjiníà tó ti darúgbó sẹ́nu iṣẹ́, rìn yípo yàrá kan kó lè gba ẹnu ọ̀nà. Ewúrẹ́ kan la ògiri kọjá wọ yàrá adájọ́, gbogbo wa sì pariwo mọ́ ọn bí ẹni tó mú olè.

Ọ̀gá jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan lábẹ́ igi, níbi tí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn yóò máa jókòó. Kò sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún ẹnikẹ́ni. Àǹtí Ṣadé jáde láti inú eruku náà wá, ó gba ibi tí géètì wà wọlé, ó rìn dé ẹnu àgbàlá. Ọ̀gá dìde. Ó ṣí fìlà rẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Ìbejì. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

Ohun tí gbogbo wa ń sọ fún ara wa lójoojúmọ́ nìyẹn, kò sí búburú kan nínú rẹ̀. Àǹtí dúró. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. Pápá gbalasa ni, kò sí nǹkan kan tó lè dí i lọ́nà láti ibẹ̀ títí dé pápákọ̀ òfurufú, ṣùgbọ́n ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ yàrá, ó di ìró rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, díẹ̀ ló kù kí n má gbọ́ ọ.

"Ṣé kò sí ibòmíràn tí mo lè gbà ni?"

Ọ̀gá Àjàyí wò ó. Ó bọ́ fìlà rẹ̀ pátápátá, ó sì dì í mú sí àyà.

"Kò sí, mà," ló wí. "Mi ò fi síbẹ̀. Ibo lẹ bá fẹ́ gbà?"

Àǹtí nawọ́ sí apá ìlà oòrùn, lẹ́yìn àwọn igi, níbi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ kan ti wá láti ìhà ọjà. Ọ̀gá rìn lọ síbẹ̀. Ó fi bàtà rẹ̀ pa ògiri náà rẹ́ níbi tí ènìyàn kan lè gbà kọjá. Ó gba abọ́ ẹfun lọ́wọ́ lébìrà, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ọ̀nà tuntun kan láti ibẹ̀ títí dé inú kóòtù, ọ̀nà tóóró tí ẹ̀yìn yàrá akọ̀wé bò lójú àgbàlá. Ìlà náà wọ́, ọ̀gá tó máa ń ya iṣẹ́ wa dànù nítorí ìlà tó wọ́ kò sì tún un ṣe.

Àǹtí jáde ní géètì, ó yípo, ó gba ọ̀nà náà wọlé. Kò yára, kò sì dúró. Ó dé ibi tí àpótí ẹlẹ́rìí máa wà, ó kọjú sí ibi tí adájọ́ máa jókòó sí, níbi tí kò sí nǹkan kan ju ewúrẹ́ tó tún ti padà wá. Gbogbo wa rò pé ó ti parí nìyẹn. Ó gbóhùn sókè, ó ní, "Mo rí i. Igi ló fi lù ú. Màlámù Sule ò ṣe nǹkan kan fún un."

Ọ̀gá padà sórí búlọ́ọ̀kù rẹ̀, ó jókòó, ó bojú. Mo lọ di àǹtí mi mú, ó sì sunkún títí oòrùn fi la eruku.

Mo kọ ìwé mi lọ́jọ́ náà. Mo ní kí wọ́n kọ́ ilé Ọ̀gá Àjàyí, kí wọ́n má fọwọ́ kan àgbàlá rẹ̀ àti igi rẹ̀, kí wọ́n sì fi ọ̀nà ẹlẹ́rìí sí apá ìlà oòrùn gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe yà á. Bello fọwọ́ sí i láìbéèrè nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àǹtí wọ mọ́tò lọ sí abúlé Màlámù Sule. Kò sọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ fún wa títí di òní. Fura tí àwọn Hausa ń pò mọ́ wàrà mu ni Màlámù fún un gbé bọ̀.

Wọ́n kọ́ ilé náà, wọ́n sì fi òkúta kékeré kan tó ní orúkọ ọ̀gá sí ẹ̀gbẹ́ géètì. Ọ̀gá dúró títí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kó tó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí mo sìn ín dé ibùdókọ̀, ó ní, "Bísí, òpó méjì tó wà ní ọ̀nà àǹtí rẹ yẹn, wọ́n fi díẹ̀ wọ́. Sọ fún wọn kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Mo sọ fún wọn.

Nígbà tí èmi náà fẹ̀yìn tì, n kò fẹ́ àríyá kankan. Mo lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì bíríkì kan lábẹ́ dóńgóyárò láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí mo ṣe jókòó síbẹ̀ lójú àlá nígbà kan. Àwọn ọkùnrin méjì kan wọlé, wọ́n kẹ̀yìn síra wọn. Ẹnì kan tó ń kọjá kí wọn papọ̀, wọ́n dáhùn. Nígbà tó yá, mo rí wọn tí wọ́n jọ ń jáde lọ, ọ̀kan ń ti kẹ̀kẹ́, èkejì ń bá a gbé àpò rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ní kí n máa lọ sílé.

Mo ti dìde tán kí n tó rí obìnrin kan láàárín àwọn igi lẹ́yìn mi lọ́hùn-ún. Ó fi ìborùn bo orí, ó ń rìn kánkán ní ọ̀nà apá ìlà oòrùn. Àwọn ọkùnrin tó wà lórí bẹ́ńṣì ń sọ̀rọ̀ wọn lọ, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kọjá. Ó gba ẹnu ọ̀nà kékeré náà wọlé. Mo dúró síbẹ̀, mo dijú, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú kóòtù. Ohùn náà kò lọ sókè, ṣùgbọ́n kò dúró títí ó fi sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán.